Wọ́n Ti Gba Ìka Wa, Ó Tó Kí Wọ́n Fi Ṣiṣẹ́ Fún Wa

Ọ̀rọ̀ ìka la mú wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìka yìí kan ilẹ̀ wa, ó kan ọmọ wa, ó sì kan orúkọ wa.

Ní àsìkò kajú tó kọjá, wọ́n já yàrá kan tí àwọn ìyá wa kan ń kó àpò kajú àti owó àjọ sí. Wọ́n fi irin ya àgádágodo, wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n kó owó lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èrò ti kún inú yàrá yẹn fọ́fọ́. Ẹni yìí gbé ìdérí àpótí wò, ẹni yẹn fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan tiẹ̀ fi aṣọ nu àpótí náà kó lè rí i dáadáa. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, orúkọ ọmọkùnrin kan ti jáde. Kí ló ṣe? Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun. Wọ́n nà án, wọ́n so ó mọ́ igi. Ọlọ́pàá dé lọ́sàn-án, wọ́n kọ̀wé, wọ́n mú ọmọ náà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rí kankan. Owó ò padà. Ọmọ náà ò gbé ìlú mọ́. Olè gangan ṣì wà, ó ń jẹun, bóyá ó sì ń kí wa láàárọ̀.

A bi ọlọ́pàá kan pé ṣé wọn ò lè wá ìlà ìka lára àpótí yẹn ni? Ó wò wá lójú, ó ní: "Ìka ta ni? Ìka gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ìdáhùn yẹn ló mú wa kọ ìwé yìí. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ìjọba, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn àwa náà. A ó sọ méjèèjì, a ò ní fi ọ̀kan bo èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwé àwọn olùdìbò tí wọ́n ń pè ní LEPI, èyí tí a fi dìbò lọ́dún 2011, wọ́n gba ìka wa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n tún dé pẹ̀lú RAVIP, lábẹ́ òfin 2017-08 ti oṣù kẹfà ọdún yẹn. Wọ́n gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. A tò lórí ìlà, arúgbó tò, aboyún tò. Àwọn àgbà tí ọkọ́ ti jẹ awọ ìka wọn, àwọn obìnrin tí epo èèpo kajú ti bó lọ́wọ́, ẹ̀rọ kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí wọ́n lọ fọwọ́ wá. Wọ́n lọ fọwọ́, wọ́n padà wá. A ṣe é tọkàntọkàn, torí wọ́n sọ fún wa pé láìsí ìyẹn a ò ní jẹ́ ẹni tí ìjọba mọ̀.

Ó dáa. Ìjọba tó rí owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ìka àgbẹ̀ ní ẹsẹ̀ oko, ṣé kò wá rí owó àtíkè dúdú, búrọ́ọ̀ṣì àti ẹni kan ṣoṣo tó mọṣẹ́, tí yóò dé Bobè kí ọjọ́ tó kanrí nígbà tí wọ́n bá jà wá lólè? Nígbà tí wọ́n ń kà wá, wọ́n mọ̀ pé a ní ìka. Nígbà tí wọ́n jà wá lólè, wọn ò mọ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò ní kí ọlọ́pàá máa wọnú àkọsílẹ̀ ANIP bó ṣe wù ú láti fi wá olè. Ohun tí a fún wọn fún káàdì, ti káàdì ni. Láti ọdún 2009 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan báyìí, òfin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sì tún un ṣe. Kí wọ́n tẹ̀ lé e. Ohun tí à ń bèèrè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ìmọ̀ tí wọ́n fi ń dá wa mọ̀ nígbà ìdìbò náà máa gbà wá nígbà ìṣòro.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ iṣẹ́ tí ẹni tó ń yẹ ìlà ìka wò ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Kí wọ́n tó bí ọmọ ni ìlà ti yọ sí orí ìka rẹ̀, ìlà yẹn ò sì ní yí padà títí tó fi máa kú, àyàfi tí ọgbẹ́ bá wọlé dé ìsàlẹ̀ awọ. Táyé àti Kẹ́hìndé tí ìyá wọn gan-an máa ń ṣì pè, ìlà ìka wọn ò dọ́gba. Bí a bá fọwọ́ kan gíláàsì, irin tàbí ike, òógùn àti ọ̀rá ara wa máa ń fi ìlà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, ojú lásán lè má rí i. Ẹni tó mọṣẹ́ á rọra fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n àtíkè sí i, ìlà á yọ, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi rọ́bà tó ń lẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní scotch, ká a kúrò, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Tó bá jẹ́ ara ìwé ni, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ninhydrin, á sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á jókòó, á fi dígí wo ìlà náà fúnra rẹ̀ ná, bóyá ó tiẹ̀ ṣeé lò. Á wo ibi tí ìlà kan ti dá dúró, ibi tí òmíràn ti là sí méjì bí ìyànà. Lẹ́yìn náà ló máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹni tí wọ́n fura sí, á sọ èrò rẹ̀, ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ á sì tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ òfin wa ti ṣẹ̀ wá, Edmond Locard tó dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1910 ti là á sílẹ̀ pé kí irú àmì bẹ́ẹ̀ tó bára mu ju 12 lọ kí a tó sọ pé kò sí iyèméjì. Iṣẹ́ sùúrù ni, bí ẹni tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń kánjú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni. Ní India, lọ́dún 1858, Herschel, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kí agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Konai tẹ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé àdéhùn, kó má baà sẹ́ lọ́la. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ India méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ló ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìka kí wọ́n lè tètè rí ọ̀kan yọ nínú wọn. Calcutta ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ìlà ìka sílẹ̀ lọ́dún 1897, kí Lọ́ńdọ̀nù tó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1901. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni wọ́n fi pe ọ̀nà náà? Orúkọ ọ̀gá wọn, Edward Henry. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ṣiṣẹ́, àjèjì gba orúkọ. Ṣé a ti gbọ́ irú ìyẹn rí? Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí àwọn ọmọ tiwa kọ́ iṣẹ́ yìí, kó má jẹ́ pé ìka wa nìkan ni yóò máa rìn lọ sí Kútọnu.

Ó kan àwa náà wàyí. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Bí ìjọba bá tiẹ̀ gbé ẹni tó mọṣẹ́ jù láyé wá sí Bobè lọ́la, kí ló máa rí? Á bá ilẹ̀kùn tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti fọwọ́ pa, á bá àpótí tí wọ́n ti nù, á sì bá ọmọ tí wọ́n ti nà dé ojú ikú. Ọwọ́ ara wa la fi ń nu ojú ẹsẹ̀ olè.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Argentina lọ́dún 1892. Wọ́n pa ọmọ méjì sínú ilé ní Necochea. Ìyá wọn, Francisca Rojas, figbe ta, ó ní aládùúgbò òun ló pa wọ́n. Wọ́n mú ọkùnrin náà, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ gan-an, kò jẹ́wọ́, torí kò sí ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́. Ọlọ́pàá kan wá lọ wo ilẹ̀kùn yàrá, ó rí àmì àtàǹpàkò tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ó gé igi náà, ó gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n fi wé ti ìyá, tirẹ̀ ni. Òun náà ló jẹ́wọ́. Ká ní wọ́n ti fọ ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Ká ní àwọn ọ̀dọ́ ti dáná sun aládùúgbò yẹn ńkọ́?

Kí a má sọ pé Argentina jìnnà. Níhìn-ín, ní Bẹ̀nẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1999, ní Mono àti Couffo, àwọn ọmọlẹ́yìn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì Dévi ń mú ẹni tí wọ́n bá ti fura sí pé olè ni, wọ́n ń dáná sun ún. Nígbà yẹn, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní olè ti dín kù. Ta ló lè sọ iye aláìṣẹ̀ tó wà nínú eérú yẹn? Òkú ò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ìwé òfin ńlá orílẹ̀-èdè wa, ti oṣù kejìlá ọdún 1990, ti sọ ọ́ ní orí 17 pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣì jẹ́ aláìṣẹ̀ títí òfin yóò fi dá a lẹ́bi. Orí 18 ní kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ẹ́, ó sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ pàṣẹ. Òfin yẹn ò yọ Bobè sílẹ̀. Kò sì yọ ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa kan á ní: "Kí la fẹ́ fi ìlà ìka ṣe? Ẹ mú wọn lọ búra." A bọ̀wọ̀ fún ìbúra. Àwọn baba wa ò ṣe é ní eré, a ò sì ní bú ohun tí wọ́n bọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni ìbúra ń mú? Ẹni tó bá bẹ̀rù rẹ̀ ni. Olè ayé òde òní, tó jalè ní Bobè lóru tó sì ti wà ní ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, ojúbọ wo lẹ fẹ́ mú un lọ? Ẹlòmíràn á sì kọ̀ láti búra nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, a ó wá sọ pé òun ló jalè. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó wà lára àpótí náà jẹ́ ẹnu kejì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan tún wà tí tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ti wo fíìmù jù. Wọ́n rò pé bí ẹ̀rọ bá ti dárúkọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀yin náà, ẹ fara balẹ̀. Ìka kì í purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á lè ṣì í kà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2004, bọ́ǹbù bú gbàù nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, ó pa ènìyàn tó lé ní 190. Wọ́n rí ìlà ìka kan lára àpò ọ̀rá. FBI ní Amẹ́ríkà sọ pé ìka agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ni, Brandon Mayfield. Àwọn ayẹ̀ka wọn mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ẹni kẹrin tí ilé ẹjọ́ yàn náà fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá Sípéènì sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọ́. Wọ́n ti Mayfield mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Sípéènì tó rí ẹni tó ni ìka gan-an, ọmọ ilẹ̀ Algeria kan. Mùsùlùmí ni Mayfield. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà sọ pé ẹ̀sìn rẹ̀ lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n tètè tún èrò wọn pa. Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì, lọ́dún 2006 wọ́n sì san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún un.

Lọ́dún 2006 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ kan dán ayẹ̀ka márùn-ún tó mọṣẹ́ dáadáa wò. Wọ́n gbé ìka tí àwọn fúnra wọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó bára mu fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tan wọ́n pé èyí tí FBI ṣì kà yẹn ni. Mẹ́rin nínú márùn-ún yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ìka ò yí padà o. Ohun tí wọ́n gbọ́ ló yí ojú wọn padà. Bí ojú àwọn tó mọṣẹ́ bá lè tẹ̀ lé àròyé báyìí, kí ni ká sọ nípa tiwa tá a jókòó sábẹ́ igi tá à ń dárúkọ olè?

Nítorí náà, a kì í ṣe ẹrú ẹ̀rọ, a ò sì fẹ́ jẹ́ ẹrú àhesọ. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí iṣẹ́ yìí wà, kó sì wà pẹ̀lú ìjánu.

Ohun kan ṣì kù tó kan ẹ̀yin olóyè gan-gan, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 2013-01 ti jáde, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ń bọ̀ láti ìlú ńlá pẹ̀lú bébà, baba wa tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka, ẹ̀yin olóyè á ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́dún mẹ́ta sí i, ìjà bẹ́. Baba ní hẹ́kítà méjì lòun tà, bébà ní mẹ́jọ. Ọmọ baba ní ìka baba kọ́ nìyẹn. A ti rí irú bébà bẹ́ẹ̀: ìka tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ ti pòpò, ó dà bí ojú àbàwọ́n epo. Kò sí ẹni tó mọṣẹ́ láyé yìí tó lè sọ ìka ẹni tó jẹ́. Ohun tí ìka lè sọ ni pé baba tẹ̀ ẹ́. Kò lè sọ pé ó yé baba. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ohun tí à ń bèèrè rèé.

Lọ́wọ́ ìjọba àti Police Républicaine tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018: kí àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí wa gba ẹ̀kọ́ àti ohun èlò láti ká ìlà ìka níbi ọ̀ràn, kí ẹni méjì máa yẹ ìka wò, kí ẹnì kejì má gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fura sí tàbí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ, kí wọ́n jẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí iṣẹ́ náà, kí wọ́n má sì fi ìka nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìsí ẹ̀rí mìíràn.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ọba àti olóyè: Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí olè bá jà, ẹ rán ẹni méjì lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí ọlọ́pàá yóò fi dé. Bí òjò bá ń bọ̀, kí wọ́n fi nǹkan ṣíji bo ohun tó wà níta láìfọwọ́ kàn án. Ẹ kéde pé ẹni tó bá na ẹni tí wọ́n fura sí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lórí ìwé ilẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí èyí tí wọn ò kà sókè ní èdè wa, kí ọmọ tàbí ìyàwó ẹni tó ń tà wà níbẹ̀, kí wọ́n nu ìka rẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n rọra yí i lórí bébà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí wọ́n kọ irú ìka tó jẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀ sábẹ́, kí ìdílé sì mú ẹ̀dà kan lọ.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí: ọmọ yín tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì ní iléèwé, tó ní sùúrù, tí ojú rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí wà. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ló ń gbé ìbọn. Òmíràn dígí ló ń gbé. Ẹgbẹ́ wa ṣe tán láti jókòó pẹ̀lú ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ọlọ́pàá, ká wá ìwé, ká wá olùkọ́ fún un.

Ọmọkùnrin tí a nà yẹn ò tíì padà wálé. A ti ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá padà, ó yẹ kí ìlú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí àwọn olóyè sì wà níbẹ̀. Bí a bá lè ṣe ìyẹn, ìjọba á mọ̀ pé a kì í dá òun nìkan lẹ́bi. A ó wá lẹ́nu láti béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ìka wa tí ẹ gbà, kí lẹ ń fi ṣe fún wa?